Aṣọ Onírun Tí Mo Lù Pa

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ọjà Bọ́ládé nígbà tí orúnkún mi ṣì dára, aṣọ ìnura ló mọ̀ mọ́ mi. Màá tò wọ́n sórí pátákó, ti àgbà lápá kan, ti ìkókó lápá kejì, màá sì jókòó sẹ́yìn wọn bí ọba. Oníbàárà á dé, á fọwọ́ kan aṣọ, á ní, "Ìyá, ṣé ojúlówó ni?" Èmi náà á fọwọ́ kàn án, màá di ojú méjèèjì, màá ní, "Ojúlówó ni." Mi ò mọ ohun tí mo ń fọwọ́ wò. Ẹni tó ń rà á ò mọ̀ ọ́n, èmi tó ń tà á ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì á jọ mi orí pé ojúlówó ni. Bí ọjà ṣe ń lọ nìyẹn.

Ní tèmi, aṣọ onírun méjì péré ló wà láyé. Èyí tí èèyàn lè fi nu ara, tówẹ̀lì nìyẹn. Èyí tí èèyàn ò jẹ́ fi nu ara, àrán nìyẹn. Bí irun aṣọ bá ń dán, tí o fọwọ́ pa á tó sùn, tí o fọwọ́ pa á padà tó pa àwọ̀ dà, àrán ni, yáa gbé e sínú àpótí. Ìmọ̀ yìí náà ni mo fi tọ́mọ, òun ni mo fi sanwó ilé ní Ìsọlọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi jiyàn rí. Ìgbà tí mo wá di ìyá àgbà, tí mo ti kó pátákó kúrò ní Bọ́ládé, ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ kí n mọ̀ pé aṣọ onírun ju méjì lọ, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí ilé tó tò sí ojúlé.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló kó mi dé ibẹ̀. Rárá o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo kó o débẹ̀.

Ọmọ náà fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ní aṣọ ọmọ tuntun lòun fẹ́ máa rán. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkòtà, ó sì mú irú kan ní pàtàkì, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ní fìlà lára, tí wọ́n fi ń gba ọmọ bó bá ti kúrò nínú omi ìwẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan ládùúgbò rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ilé tuntun, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, aṣọ onífìlà yẹn làwọn fẹ́ fi gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aṣọ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ilé tó ṣí. Bí kò bá sí nílẹ̀, obìnrin mìíràn wà tó ń bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́ náà. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ka nǹkan kan sí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń sọ nǹkan wẹ́rẹ́ báyìí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Irú aṣọ tó ń fẹ́, èyí tó rọ̀, tó ń fà bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀, tó sì ń mu omi, kò rí i tó lọ́jà wa. Ó ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn tó ń ṣe é kọ́kọ́ fi ègé kan ránṣẹ́ sí i kó fi mọ bí ẹrù ṣe máa rí. Aṣọ funfun ni, ó tóbi bíi gèlè ọmọdé, ìlà òwú pupa tín-ín-rín kan sì wà létí rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dáa, kí wọ́n máa kó o bọ̀.

Ẹrù wà lọ́nà ni ọmọ mi bí. Ọmọ ọkùnrin, ojú rógódó, ohùn bíi ti ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Mo kó ẹrù mi láti Ìsọlọ̀ lọ́hùn-ún, mo wá sílé rẹ̀ láti máa wẹ ọmọ. Ẹ máa rántí pé ọmọ ni wọ́n pè mí wá wẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ejẹ́ǹtì tó ń bá a gba ẹrù pè é. Ẹrù ti balẹ̀, ó wà nílé ẹrù lọ́nà pápá ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ mọ irú aṣọ tó jẹ́ gan-an kí wọ́n lè fún un ní nọ́ńbà tó yẹ ẹ́, torí nọ́ńbà yẹn ló máa sọ iye owó ibodè àti bóyá aṣọ náà tiẹ̀ lè wọlé. Ó ní kí wọ́n má baà tú ẹrù, kí ó fi ègé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ yẹn ránṣẹ́, kí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú ìwé.

"Màámi," lọmọ mi wí, ojú rẹ̀ wú nítorí àìsùn, "ẹ bá mi mú ègé aṣọ yẹn lọ fún un ní Apákun. Ó ń bẹ lórí àga." Ó sì padà sùn.

Mo lọ síbi àga. Mo gbé aṣọ. Ọmọ ti pọ wàrà sí i.

Kì í ṣe díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti gan, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó, ara mi ò gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ẹ fẹ́ gbé aṣọ tó ń rùn wàrà lọ síwájú ìjọba? Apá ibi tó mọ́ níbẹ̀ kéré, bí mo bá gé ìyẹn nìkan lọ, àkísà ni wọ́n máa pè é. Mo wá mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e sí méjì. Apá kékeré tó mọ́, mo fi há ìdí ìró, mo ní màá máa fi nu òógùn. Apá ńlá, mo gbé e lọ síbi omi.

Ibi tó yẹ kí n dúró nìyẹn. Ká ní mo kàn fọ̀ ọ́ ni, tí mo sá a, tí mo gbé e lọ, ìtàn kì bá tí sí lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ aláró ni mí. Nílùú wa ní Ọ̀ṣun, aṣọ kì í jáde nílé ìyá mi láìjẹ́ pé ó mu táàṣì, kó sì jẹ kùmọ̀. Ìyá mi á tẹ́ aṣọ sórí ìtì igi, á gbé kùmọ̀, á máa lù ú, á máa yí i, títí aṣọ á fi máa kọ mọ̀nà bí ẹ̀yìn ìgbín. Ó máa ń sọ pé aṣọ tí kò dán, ojú ẹni tó gbé e jáde ló ń tì. Ó kú, ó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi. Kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi ilé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ táàṣì ló fi sílẹ̀.

Mo fọ̀ ọ́ tán, mo wá fi ògì po táàṣì. Mo pò ó ki, torí ìjọba ni. Mo ri aṣọ bọ̀ ọ́, mo sá a, nígbà tó kù díẹ̀ kó gbẹ, mo tẹ́ ẹ sórí pèpéle ẹ̀yìnkùlé. Kùmọ̀ ò sí. Ọmọ odó ni mo rí. Mo ká etí ìró mi kúrò lọ́nà, mo bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ń gbé lókè yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o! Iyán àárọ̀ yìí mà pọ̀. Ẹ má gbàgbé wa o."

"Iyán kọ́. Aṣọ ni mo ń lù."

Ó na ọrùn síta. "Kí ló fi ṣe yín?"

Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ ló ń bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè. Mo lù ú, mo yí i, mo tún un lù. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo irun rẹ̀ sùn. Mo rí i bó ṣe ń sùn, inú mi sì ń dùn, mo ní wúruwùru ara rẹ̀ ti ń kúrò. Mo wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná parí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó dá dúró fúnra rẹ̀. Ó ń dán. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, ó ń dún.

Mo fi páálí méjì há a láàárín kó má baà ká. Nínú ọkọ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn mí. Ní Apákun, ejẹ́ǹtì, ọkùnrin tí fóònù kì í kúrò létí rẹ̀, gba páálí lọ́wọ́ mi láìwo inú rẹ̀.

"Rọra o, ọmọ mi. Má ká a o."

"Mi ò ní ká a, mà."

Mo padà sílé tayọ̀tayọ̀. Mo ń rò ó nínú ọkọ̀ pé bí gbogbo àwọn tó ń kó ẹrù wọlé bá ní ìyá bí èmi, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ìbá máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí fóònù ọmọ mi dún. Ọmọ wà lọ́mú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ kí ohùn lè jáde síta.

"Àǹtí," lejẹ́ǹtì wí, "wọ́n ti dá ẹrù yín dúró o."

"Kí ló dé?"

"Ìwé yín sọ pé aṣọ onírun ni, irú èyí tó ń fà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ ò nírun, kò sì fà. Wọ́n ní aṣọ híhun ni, pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi nǹkan le. Nọ́ńbà mìíràn lọ́tọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ní a gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kí irú ẹ̀ tó wọlé. Èyí tó wá burú níbẹ̀, ó dà bí ẹni pé a purọ́ sínú ìwé."

"Kò nírun báwo? Aṣọ yẹn nírun ju ológbò lọ!"

"Àǹtí, ohun tí wọ́n rí ni mò ń sọ fún yín."

Ọmọ mi pa fóònù. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà bí ẹni tó ń wá òkúta tó ti sọ nù tipẹ́.

"Màámi."

"Hùn."

"Kí lẹ ṣe sí aṣọ yẹn?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Ọmọ rẹ ti pọ wàrà sí i."

"Kí ló tún kù?"

"Mo fi táàṣì díẹ̀ sí i."

"Táàṣì. Màámi. Tówẹ̀lì!"

"Díẹ̀ náà ni."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo lù ú."

"Ẹ lù ú."

"Ó dán ni o! Ìwọ ni ò rí i."

Ká ní ó pariwo ni, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é, torí ọmọ tó bá pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ ti fún ìyá náà láyè láti bínú. Kò pariwo. Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn nápíkìn ọmọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Ó ń tú wọn, ó ń tún wọn ká. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìgbẹ̀bí yẹn."

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní, "Dìde, ká lọ bá wọn."

"Ẹ fẹ́ lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Èmi ni mo lù ú. Èmi ni màá sọ bí mo ṣe lù ú."

Mo pọn ọmọ. Mo fi aṣọ òógùn mi há ìdí ìró. A lọ.

Ejẹ́ǹtì ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sì ti ń gbọn orí kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti se aṣọ!"

"Mi ò sè é, mo lù ú ni. Ìwọ náà ò wò ó kóo tó gbé e fún wọn."

"Ẹ ní kí n má ká a!"

"Ǹjẹ́ mo ní kóo má wò ó?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́," lọmọ mi wí.

Obìnrin ni ọ̀gá tí wọ́n mú wa lọ bá, kò ní ju àkọ́bí mi lọ. Mo wo yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìlà apá rẹ̀ mú bí abẹ, ọrùn rẹ̀ le gbandi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹni tó mọyì táàṣì nìyí, ọ̀rọ̀ wa máa yéra.

"Ta ló gbé èyí wá?" ló bi wá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lórí tábìlì rẹ̀.

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, èmi tí mi ò pẹ́ níléèwé tó ẹni tó ń nawọ́. "Èmi ni, ọ̀gá."

Ó gbé aṣọ náà, ó fi kan tábìlì. Ó dún kó, kó, kó. "Màmá, aṣọ rèé àbí pákó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti ìyá mi, mo sọ ti aró, mo sọ ti ìtì igi. Mo ti ń dé orí kùmọ̀ nígbà tó rọra gbọ́wọ́ sókè. Kò bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wá fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ pa."

Ó ní ohun tí àwọn kọ́kọ́ ń wò ni bí òwú ṣe so pọ̀. Aṣọ híhun, òwú kan ń lọ lóòró, òmíràn ń gba ìbú kọjá nínú rẹ̀, bí aṣọ òfì. Àrán gan-an, híhun ni, irun rẹ̀ ló kàn yọ sókè. Ṣùgbọ́n irú tiwa, òwú ibẹ̀ ń kọ́ ara wọn lọ́rùn bí ẹ̀wọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi ń fà bí síńgílẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò ó bóyá ó nírun, bóyá irun náà gùn, bóyá ó ká bí òrùka tàbí wọ́n ti rẹ́ ẹ lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wá wò ó bóyá òwú oko ni tàbí òwú tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe. Ibi tí gbogbo rẹ̀ bá já sí ni nọ́ńbà wà.

"Ẹni tó kọ́kọ́ wo tiyín," ló wí, "fà á, kò fà. Ó fọwọ́ pa á, kò nírun. Ó wá fa òwú kan yọ, ó finá sí i kó lè gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó wo ojú mi. "Màmá, òórùn ẹ̀kọ tó jóná ló gbọ́."

Ọkùnrin kan tó jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni," ló wí. "Ìyá, ẹ̀kọ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojúlé yẹn jìnnà sí ti aṣọ."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè tú ẹrù wò?"

"A lè tú u. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrù tó wà nílẹ̀ láti tú ṣáájú tiyín pọ̀, kò dájú pé ó máa kàn yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò sì lè gbé yín fo ẹlòmíràn láìnídìí. Ohun tó wà lórí tábìlì mi ni mo lè kọ sílẹ̀, aṣọ pẹlẹbẹ ló sì wà lórí tábìlì mi."

Mo rò pé ó yẹ kí èèyàn tó ti dàgbà báyìí lè rí ọ̀nà àbáyọ. Mo sún mọ́ tábìlì. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò kàn ní kọ ọ́ pé àrán ni, ká jọ parí ẹ̀?"

Ọmọ mi já mi léèékánná lápá.

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ pé híhun ni àrán. Bí mo bá kọ àrán, irọ́ kejì nìyẹn."

"Kí ni ọmọ ìkókó fẹ́ fi ìyàtọ̀ yẹn ṣe?"

"Ọmọ ìkókó kọ́ ló ń gbẹ́rù kọjá ibodè."

Ooru mú, fáànù kọjú sí ògiri, ọmọ tí mo pọ̀n gbóná lẹ́yìn mi bí àkàrà. Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi. Mo fa aṣọ òógùn mi yọ, mo nu ojú, mo nu ọrùn, mo nu abẹ́ àgbọ̀n.

Ojú ọ̀gá náà ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi.

"Màmá, kí lẹ fi ń nu ojú yẹn?"

Kíá ni mo ti kì í bọ àyà. "Kò sí o, ọ̀gá. Àkísà lásán ni."

"Ẹ jẹ́ n rí i."

"Ó ti rin."

"Màmá."

Ẹ wo ìtìjú. Aṣọ tí mo tún ṣe dáadáa fún ìjọba, wọ́n ní pákó ni. Èyí tí mo fi pa mọ́ torí kò yẹ ojú ìjọba, òun ni wọ́n fẹ́ rí. Mo fà á yọ láyà mi, mo gbé e kalẹ̀, ó balẹ̀ pẹ́tẹ́.

Ó fi ìka méjì méjì mú un, ó fà á. Ó fà, ó sì padà. Ó mú dígí kékeré kan, ó fi wò ó, ó ní kí ọmọ mi wá wò ó, ó ní kí èmi náà wá wò ó. Mo fi ojú sí dígí. Òrùka kéékèèké ni mo rí, wọ́n pọ̀ lọ bí ẹyin ẹja, gbogbo wọn nàró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ta tówẹ̀lì ní Bọ́ládé, mo ń di ojú láti fọwọ́ wò ó, mi ò fi ojú wò ó rí. Ó wá gbé ègé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí mo lù ti sún kì, ṣùgbọ́n ìlà pupa tín-ín-rín yẹn wà létí méjèèjì, ó kúrò lára ọ̀kan, ó bọ́ sára èkejì. Ó fa òwú kan yọ lára aṣọ òógùn, ó finá sí i. Ó rùn bíi bébà tó ń jó.

"Bébà àti òógùn," lọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wí.

Ọ̀gá náà ní, "Èyí ò lè dúró bí ẹ̀rí, màmá, ẹ ti fi nu ojú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdí tó tó fún mi láti lọ fojú ara mi wo ẹrù." Ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó sì bọ́ síta. Ejẹ́ǹtì sáré tẹ̀ lé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fóònù ò sí létí rẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ jí, ọmọ mi gbà á, ó fún un lọ́mú. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá tú ẹrù tí nǹkan mìíràn lọ wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Bí àwọn ará òkè òkun náà bá ní ìyá tó ń lu aṣọ ńkọ́? Mo wo ọmọ mi. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ẹkún ló dé yìí.

"Màámi," ló wí, kò lè gbé ohùn jáde dáadáa, "ọmọ odó ni?"

"Kùmọ̀ ò sí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ṣí kúrò lọ́mú, tó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó ní òun gbọ́ ariwo yẹn lójú oorun, òun rò pé àwọn ará òkè ló ń gúnyán, òun sì ń rò ó lójú àlá pé wọn ò níí fún àwọn jẹ. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí o. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ẹrù tí wọ́n tì. Ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọ̀gá náà mú ègé tuntun lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lára ẹrù níwájú òun fúnra rẹ̀. Irun rẹ̀ dúró, ó rọ̀, ìlà pupa wà létí rẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó fi ìka tọ ojú ewé lọ sísàlẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe híhun. Onírun ni, irun tó ká. Òwú oko." Ó kọ nọ́ńbà. Ìyẹn nìkan ni. Nọ́ńbà náà ni ejẹ́ǹtì ti kọ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó gbé ọmọ odó.

"Àǹtí, ẹ máa palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́," lejẹ́ǹtì wí. "Ẹrù ń bọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìyá, lọ́jọ́ mìíràn, màá wá gbé àpẹẹrẹ fúnra mi. Ẹ má tiẹ̀ fojú kàn án."

Ọ̀gá náà kó ègé aṣọ mi méjèèjì fún mi. "Màmá, bí ẹ bá tún ní aṣọ fún wa láti wò, ẹ gbé e wá bó ṣe wà. Pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀."

"Àní pẹ̀lú wàrà?"

"Àní pẹ̀lú wàrà, mà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì sọ fún un pé táàṣì aṣọ rẹ̀ dára púpọ̀. Ó ní òun kì í fi táàṣì sí i, bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe le.

Ẹrù dé. Ọmọ mi rán aṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo ń ṣa ìgékúrò òwú nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá wà lórí tábìlì. Pákó tí mo ṣe yẹn ń bẹ ní ilé ìdáná rẹ̀, ìkòkò gbígbóná ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Títí di òní, kò tíì ká. Bí àlejò bá bi í pé kí nìyẹn, ọmọ mi á ní, "Ìyá mi ló ṣe é," á sì wo ojú mi.

Nígbà tí ọmọ mi parí aṣọ onífìlà àkọ́kọ́, ó ní kí ìyá tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ̀bí kọ́kọ́ rí ọ̀kan kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ń sunkún, maṣíìnì ń sáré, kò sẹ́lòmíràn tó máa gbé e lọ. Ó ká a, ó fi sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi. Kò tètè fi í sílẹ̀. Ó dì í mú lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èmi náà dì í mú lápá ọ̀dọ̀ tèmi.

"Màámi."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo ti gbọ́ náà."

Mo rìn lọ síbẹ̀, kò jìnnà. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí tuntun, wọn ò tíì ṣí i, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Mo yọ aṣọ náà nínú ọ̀rá, mo wò ó. Ó ti wúnjọ níbi fìlà. Ó wúnjọ gan-an ni, irun rẹ̀ ṣe wúruwùru bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọwọ́ mi gbéra fúnra rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń lọ síbi tó wúnjọ.

Mo fi ọwọ́ náà kan ilẹ̀kùn, kó, kó.